Èsì: “ìdènà ìbò” tàbí “ìdínà”? Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o.

Ọ̀rọ̀ tí arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìròyìn fún rédíò ní Kàbà gbé wá ni mo fẹ́ dá sí. Ẹ rántí ìbéèrè rẹ̀: ìròyìn òfin ìdìbò Amẹ́ríkà kì í dá. Apá kan á ní ṣe ni wọ́n fẹ́ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ tálákà àti aláwọ̀ dúdú, apá kejì á ní èrú ni àwọn ń lé jáde nínú ìbò. Kí ni kó máa pe méjèèjì ní Yorùbá tí kò fi ní dà bíi pé rédíò ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan? Òun dábàá “ìdènà ìbò” fún èkíní, “ààbò ìbò” fún èkejì. Olùkọ́ wa láti Ìsánlú fèsì pé “ìdènà” ti le jù, ó ní ká sọ pé “ìdínkù àǹfààní ìdìbò”. Ẹnì kan tún ju “ìṣòótọ́ ìbò” sílẹ̀, kò sì ṣàlàyé kankan.

Èmi náà gbà pé “ìdènà” le. Ohun tí mi ò gbà ni èyí tí olùkọ́ fi rọ́pò rẹ̀. Àǹfààní ni ohun tí wọ́n lè ṣe fúnni, tí wọ́n sì lè gbà padà tí inú wọn ò bá dùn mọ́. Ẹ̀tọ́ ni ìbò. Bí òfin bá sì ti dá ẹnì kan padà sílé pátápátá, kí la dín kù níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká tú “ìdènà” wò. Ẹni tó dènà ń dúró de ẹnì kan ni. Ó mọ ẹni tó ń retí, ó sì lúgọ síbi tó máa gbà kọjá. Ẹni tó dínà ńkọ́? Igi lè wó dínà. Odò lè kún dínà. Tírélà sìmẹ́ǹtì lè takú sáàárín títì láàárín Kàbà àti Obajana, kó dínà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sí awakọ̀ tó máa sọ pé tírélà dènà. Lọ́dọ̀ tiwa yìí pàápàá, bí rédíò bá ní wọ́n dènà lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀, ajínigbé ni gbogbo ilé máa gbọ́, foonu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìdínà ò bèèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fà á. Ìdènà ò ṣeé gbọ́ kéèyàn má béèrè pé ta ni, kí ló ń wá?

Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí ni pé orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń bá ara wọn fà á láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 1965. Nígbà tó di 1980, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Mobile ní Alabama gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, pé bí wọ́n ṣe ń yan àwọn aláṣẹ ìlú náà kò jẹ́ kí ìbò àwọn já mọ́ nǹkan kan. Ilé ẹjọ́ ní kò tó kí wọ́n fi hàn pé ìlànà náà pa wọ́n lára. Àfi kí wọ́n fi hàn pé ṣe ni wọ́n dìídì fi ṣe wọ́n. Nígbà tó di 1982, àwọn aṣòfin tún òfin náà ṣe: bí ohun tí ìlànà kan ń fà bá ti burú, ó tó, kò di dandan ká wo ọkàn ẹni tó gbé e kalẹ̀. Ẹ ò rí i? “Ìdènà” nìkan ni ilé ẹjọ́ 1980 fẹ́ gbọ́. “Ìdínà” ni àwọn aṣòfin 1982 ní ó tó. Ohun tó gbà wọ́n ní ọdún méjì àti ẹgbàágbèje ìwé, ìró kan péré la fi yà á sọ́tọ̀.

Nítorí náà, “ìdínà” ni mo fara mọ́ fún ìròyìn ojoojúmọ́. Kí a fi “ìdènà” sílẹ̀ di ìgbà tí ẹnì kan bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá ti wádìí ọkàn àwọn tó ṣe òfin. Ó sì ń ṣẹlẹ̀: ní 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan fagi lé òfin ìdìbò tí ìpínlẹ̀ North Carolina ṣe ní 2013, wọ́n ní àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n dìídì dájú sọ. Ọjọ́ yẹn, akàròyìn tó bá pè é ní ìdènà ò ṣe ojúsàájú fẹ́nikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká sì tún ohun tí a ń dínà mọ́ ṣe. Kì í ṣe ìbò. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò níwájú Ifá mọ̀ pé owó ẹyọ àti eegun ni ìbò, ẹni tó wá béèrè ló ń dì wọ́n sọ́wọ́, níbi tí ẹlòmíì ò ti ní rí i. Ìbò ti wà lọ́wọ́ èèyàn ká tó sọ pé a dì í. Àwọn òfin tí à ń sọ yìí, ẹni tó fẹ́ dìbò ni wọ́n ń dá dúró, kò tíì rí nǹkan kan dì. “Ìdínà olùdìbò” ni kí ó jẹ́.

“Ààbò ìbò” ló wá kàn, òun ló sì léwu jù nínú gbogbo wọn, torí ó dùn ún gbọ́. Ta ló ń halẹ̀ mọ́ ìbò kó tó di pé a wá ààbò fún un? Bí akàròyìn bá ti sọ “ààbò”, ó ti gbà pé olè wà nílé. Gómìnà Georgia buwọ́ lu òfin kan lọ́jọ́ 25 oṣù kẹta 2021, inú orúkọ tí wọ́n fún òfin náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìbò tí kò lábùkù ni àwọn ń wá. Biden tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà ní òfin tí wọ́n fi ń tẹ aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́ ló tún padà dé. Ìwé ìròyìn kan gbé ti gómìnà, òmíràn gbé ti ààrẹ. Kí ló wà nínú òfin ọ̀hún? Nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ rọ́pò àyẹ̀wò ìfọwọ́sí fún ìbò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilé. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pín omi tàbí oúnjẹ fún àwọn tó tò sórí ìlà nítòsí ibùdó ìdìbò. (Lọ́dọ̀ wa, a ó kọ́kọ́ yẹ ara ọ̀rá omi náà wò bóyá àwòrán olóṣèlú wà níbẹ̀.) Wọ́n sì tún fi Sátidé kún ọjọ́ tí èèyàn lè fi dìbò ṣáájú. Orúkọ wo lẹ fẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀?

Tàbí ti ìpínlẹ̀ Kansas. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kó mú ẹ̀rí wá pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni òun. Nígbà tí ẹjọ́ délé ẹjọ́, ó hàn pé ó lé ní 31,000 èèyàn tí wọn ò jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ nítorí ìwé yẹn, àwọn àjèjì tó sì rá wọlé sínú ìwé orúkọ olùdìbò láàárín ọdún 19 kò ju 39 lọ. Adájọ́ fagi lé e ní 2018. Ka iye méjèèjì tẹ̀lé ara wọn lórí afẹ́fẹ́, kò sí orúkọ tí a lè fún un tó máa ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ojú mi wà gan-an nìyí, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu bà á nínú gbogbo èsì yín. Ẹjọ́ tí akàròyìn ń dá kì í sí nínú ọ̀rọ̀ orúkọ ńlá wọ̀nyí. Inú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ló ń sá pamọ́ sí. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2023 ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Káàdì tí wọ́n gbà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 87. Ó ku mílíọ̀nù mẹ́fà àti díẹ̀. Báwo ni ìròyìn ṣe máa ń sọ ọ́? “Wọn ò gba káàdì wọn.” Ọ̀lẹ ni wọ́n nìyẹn. Ẹlòmíì lè sọ pé “wọn ò rí káàdì gbà”: wọ́n lọ, ọwọ́ wọn ò tó o. Ẹ̀kẹta: “wọn ò fún wọn ní káàdì”: ẹnì kan ló há a mọ́wọ́. Káàdì kan náà ni o, ẹjọ́ mẹ́ta. Àgbẹ̀ tó ti abúlé kan ní Bùnú wọ ọ̀kadà dé Kàbà, tí wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò tún lówó ọkọ̀, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni tirẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú ẹ̀rọ. Nítorí èrú ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìka wá. Ní 2015, ẹ̀rọ ò mú ìka Ààrẹ Jonathan fúnra rẹ̀ ní Otuoke, gbogbo ayé ló rí i. Ẹ̀rọ tó ń dí olè lọ́nà dí onílé náà lọ́nà, kò sì sí ẹni tó dènà. Ìyá àgbà tí ọkọ́ àti ẹ̀gẹ́ ti pa ìlà ìka rẹ̀ rẹ́, “kò mú mi” ló máa ń wí, ó máa ń sọ ọ́ bíi pé òun ló jẹ̀bi.

Mi ò sì sọ pé èrú ò sí. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, lọ́jọ́ 11 oṣù kọkànlá 2023, àjọ elétò ìdìbò fẹnu ara wọn sọ pé àwọn rí ìwé èsì tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí kí ìbò tó wáyé láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Kogi Àárín Gbùngbùn, wọ́n sì dá ìbò dúró ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ògóri-Màgóńgò. “Èrú” ni èyí, kò yẹ ká fi “ẹ̀sùn” sí i níwájú. Àmọ́ ìbò Amẹ́ríkà 2020, tí àwọn alátìlẹ́yìn Trump pe ẹjọ́ tó lé ní 60 lé lórí, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló fìdí rẹmi, “ẹ̀sùn èrú” ni kó máa jẹ́, lójoojúmọ́, títí á fi sú akàròyìn. Mo ti gbọ́ “èrú ìbò tó wáyé ní Amẹ́ríkà” lórí rédíò tó ju ẹyọ kan lọ.

“Ìṣòótọ́ ìbò” ò bá mi lára mu. Èèyàn ló ń ṣòótọ́. “Ìbò tí kò ní èrú nínú” gùn, ó sì yé ìyá mi.

Arákùnrin mi, bí mo bá wà nípò rẹ, báyìí ni mo máa kà á: “Òfin tuntun ní ìpínlẹ̀ báyìí sọ pé ẹni tó bá máa dìbò gbọ́dọ̀ mú ìwé báyìí lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe é ní wọn ò fẹ́ èrú. Àwọn tó lòdì sí i ní ìdínà olùdìbò ni.” Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì lórí “àǹfààní”. Kí ẹ̀yin ará Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ sì bá mi sọ ọ́: tí rédíò bá yára ka “dínà” àti “dènà”, ṣé etí yín ń yà wọ́n sọ́tọ̀, àbí ká wá òmíràn?