Àwọ̀ inú fọ́tò James Webb, ṣé wọ́n kàn kùn ún ni?

TíṣàFísíìsì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín kó tó di ọjọ́ Ajé. Lọ́sẹ̀ yìí mo fi fọ́tò Carina Nebula (ìkùukùu gáàsì àti eruku ńlá kan láàárín àwọn ìràwọ̀) tí tẹlisíkóòpù James Webb yà hàn wọ́n lórí fóònù mi, èyí tí wọ́n gbé jáde ní July 2022, tó dà bí òkè gàgàrà tó ní àwọ̀ irin tó dógùn-ún, tí òkè ẹ̀ wá búlúù, inú wọn dùn gan. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́, ó ní "Sà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa pé ojú èèyàn ò lè rí infrared, infrared náà lẹ sì ní tẹlisíkóòpù yìí ń rí, ibo wá ni àwọ̀ yìí ti wá?" Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ní màá lọ wádìí ẹ̀, torí mi ò fẹ́ purọ́ fún ọmọ. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀, àwọn yòókù sì ti ń gbà á gbọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?

Ajíworàwọ̀:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn, ó gbọ́n. Wọ́n kun àwọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ wọn ò kùn ún bó ṣe wù wọ́n. Kámẹ́rà tó ya fọ́tò yẹn, NIRCam, kì í ya àwọ̀ rárá, dúdú àti funfun ló ń yà. Á gbé fílítà kan síwájú, á ka bí ìmọ́lẹ̀ tó gba ibẹ̀ wọlé ṣe pọ̀ tó, á tún gbé òmíràn. Ti Carina yẹn, fílítà mẹ́fà ni wọ́n lò. Àwọn tó ń ṣe fọ́tò ọ̀hún ní Space Telescope Science Institute ní Baltimore á wá tò wọ́n, èyí tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kúrú jù á gba búlúù, èyí tó gùn jù á gba pupa, àwọn tó kù á wà láàárín. Bó ṣe rí nínú òṣùmàrè náà nìyẹn, ìgbì búlúù ló kúrú, ti pupa ló gùn.

Ẹ wo bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò lè pe "b" kò lè pe "k", àmọ́ ibi tí ohùn èèyàn bá ti lọ sókè òun náà á lọ sókè, ibi tó bá ti wálẹ̀ á wálẹ̀, la ṣe ń gbọ́ oríkì wa lẹ́nu ìlù. Ta ló máa ní onígángan ń purọ́? Ohun tó wà níbi tójú wa ò dé ni wọ́n gbé wá síbi tójú wa dé, wọn ò da ètò ẹ̀ rú.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ:
Bàbá mi àgbà rọ irin títí ó fi dàgbà, ìkìlọ̀ tó máa ń ṣe fún wa ni pé irin tó ti padà dúdú ló ń jó ọmọdé lọ́wọ́, torí irin pupa, gbogbo èèyàn ló ń sá fún un. Ẹ na ọwọ́ sún mọ́ irin dúdú yẹn láì kàn án, ooru tó ń bá àtẹ́lẹwọ́ yín yẹn, infrared ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni, ojú wa ni ò gbà á. Lọ́dún 1800 William Herschel gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá nínú prism (gíláàsì tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè), ó gbé tẹmómítà sí ẹ̀yìn pupa níbi tí àwọ̀ ti tán, ibẹ̀ ló gbóná jù.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí Webb, tí wọ́n gbé e lọ síbi tó fi kìlómítà mílíọ̀nù 1.5 jìnnà sí ayé, tí wọ́n fi agboòrùn alábala márùn-ún tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì bò ó, torí tó bá gbóná, ooru ara ẹ̀ ló máa máa rí. MIRI, kámẹ́rà míì tó wà lára ẹ̀, tiẹ̀ ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń tutù dé nǹkan bíi -266°C. Ẹ tún sọ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì (agbo ìràwọ̀ ńláńlá) tó jìnnà gan, òmíràn jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tójú lè rí nígbà tó kúrò nílé, bí òfuurufú ṣe ń fẹ̀ ló nà án lójú ọ̀nà tó fi di infrared.

TíṣàFísíìsì:
Ti gángan yẹn wọlé gan! Àmọ́ ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn máa bi mí pé báwo la ṣe mọ̀ pé wọn ò fi nǹkan tí ò sí síbẹ̀ kún un.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ ní kó lọ wò ó fúnra ẹ̀. Fáìlì dúdú àti funfun yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ń pè ní MAST, ibi tí wọ́n ń kó ohun tí tẹlisíkóòpù bá yà pa mọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn iṣẹ́ kan máa ń wà lọ́wọ́ àwọn tó béèrè fún un fún bí ọdún kan, lẹ́yìn náà ti gbogbo ayé ni. Mo ti wa ti Southern Ring, nebula míì tí Webb yà, sórí láàpútọ́ọ̀pù mi, ó jẹ dátà o, mo fi mẹ́ta lára ẹ̀ ṣe fọ́tò tèmi, àwọ̀ mi ò bá tiwọn dọ́gba, àmọ́ gbogbo ìràwọ̀ tó wà nínú tiwọn ló wà nínú tèmi, níbi kan náà. Àwọn onímọ̀ kì í sì í fi fọ́tò aláwọ̀ yẹn ṣe ìṣirò. Nígbà tí wọ́n rí carbon dioxide nínú afẹ́fẹ́ WASP-39b, pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ìràwọ̀ míì po, lọ́dún 2022, ìlà tó ń lọ sókè sódò lórí gíráàfù ni wọ́n rí, kò sí fọ́tò rèǹtè-rente kankan níbẹ̀.

Fún kíláàsì, ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n dání. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹnu ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wọn ò ní rí nǹkan kan, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí wọ́n wò ó láti inú kámẹ́rà fóònù. Àwọ̀ tí wọ́n bá rí, fóònù ló fún un, àmọ́ iná yẹn wà níbẹ̀.

TíṣàFísíìsì:
Mo ti gbìyànjú ẹ̀ báyìí nínú òkùnkùn. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ò fi nǹkan hàn mí, mo yí i sí ti iwájú, iná kékeré kan tó dà bí àwọ̀ àlùkò ń ṣẹ́jú lẹ́nu rìmóòtù! Ẹ ṣeun gan. Lọ́jọ́ Ajé ọmọbìnrin yẹn ni màá ní kó tẹ̀ ẹ́, ọmọkùnrin ẹ̀yìn yẹn ló máa di fóònù mú.