"Adófùró" kọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́. Lánàá, nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "gay", ìyẹn ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin, ẹ̀gbọ́n kan ní ká má dààmú ara wa, pé "adófùró" ti wà nílẹ̀ tipẹ́, òun ni ká máa lò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà.

Mò ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ kan nípa ìlera. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kà á fún ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, l'Óṣogbo níbí, kí n lè mọ̀ bóyá ó yéèyàn. Bí mo ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, ó gbé kóńgò sílẹ̀: "Ta lò ń bú?" Èébú ló gbọ́. Ohun tí ara ń ṣe nìkan ni ọ̀rọ̀ náà sì ń sọ. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni ńkọ́? Obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin ńkọ́?

"Akọ-sí-akọ" ń rùn bí ọgbà ẹran. "Afẹ́kùnrin" dùn létí, àmọ́ ìgbéyàwó wà nínú "fẹ́". Tí mo bá ní Àdìó ń fẹ́ Àbẹ̀ní, ẹ ó bi mí pé ìgbà wo ni ìnáwó. Òfin Nàìjíríà ti 2014 sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Mi ò ní fi orúkọ lásán fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn ará ibòmíì náà ń jà sí i. Láàárín àwọn obìnrin Swahili, "shoga" ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ wọn. Pè é sí ọkùnrin, ó di èébú fún ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Kertbeny ló dá "homosexual" lédè Jámánì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1869 láti bá òfin tó ń fìyà jẹ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ jà. Àwọn dókítà sọ ọ́ di orúkọ àìsàn, ó di 1990 kí àjọ ìlera àgbáyé tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àrùn. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi pè kò fẹ́ ẹ mọ́.

"Òòfà ìfẹ́" ni mo mú wá. Gbogbo wa la mọ òòfà, èyí tí à ń yọ lára rédíò tó bàjẹ́ nígbà èwe, tí à ń wọ́ kiri nínú yanrìn kó lè kó irin. Ibi tó bá fà sí ló fà sí. "Ọkùnrin tí òòfà ìfẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọkùnrin": ó gùn, mo gbà. Mo kà á fún ìyá elélùbọ́. Ó ní, "Èyí yé mi," ó sì ń wọn ọjà rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé ń lọ síbi ìtẹ̀wé.