Lungi, January 1999: ẹ jẹ́ n sọ tèmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ ìrírí ojú ogun látàárọ̀, ẹ kú orí ire o. Èmi ò yìnbọn rárá, báálù akẹ́rù ni mo ń wà, C-130, ìgbà ECOMOG, àwọn ọmọ ogun tí àjọ ECOWAS rán lọ sí Sierra Leone.

Àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF wọ Freetown, olú ìlú Sierra Leone, ní January 6, àwọn ọmọ ogun wa ń jà láti àdúgbò dé àdúgbò, ọta ń tán, oúnjẹ ń tán. Lungi tí pápákọ̀ òfurufú wà, òdìkejì omi ló wà sí Freetown, ọwọ́ wa ló ṣì wà. A máa gbéra l'Ékòó nínú ọyẹ́ tí ò jẹ́ kéèyàn ríran jìnnà, orí òkun la máa ń gbà wọlé torí ta ló fẹ́ dúró lójú omi yìnbọn fún wa, a ó fò wálẹ̀ débi pé mo ń rí ìgbì tó ń fọ́. Àpótí ọta àti àpò ìrẹsì jọ wà lẹ́yìn, ẹ sáà ronú ẹ̀.

Loadmaster wa, ẹni tó ń bójú tó ẹrù nínú báálù, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó jù mí lọ dáadáa, "ọ̀gá" ló ń pè mí, "Bàbá" lèmi náà ń pè é, àwa méjèèjì ò tiẹ̀ mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Tá a bá balẹ̀, a ò ní pa ẹ́ńjìnnì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí lọ, torí tí ọ̀kan bá lóun ò jí mọ́, a ti dèrò Lungi nìyẹn. Bàbá á ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á já ẹrù, wọ́n á gbé àwọn tí ọta bà wọlé.

Kí n má parọ́, àlọ ò bà mí lọ́kàn jẹ́ tó àbọ̀. Tá a bá ń bọ̀, báálù ò ní sáré jìnnà kó tó gbéra, á fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìyẹ́ adìyẹ, mo kórìíra ìfúyẹ́ yẹn, torí mo mọ àwọn tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan mo lọ wò wọ́n, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti di gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ ní báńdéèjì ki leone, owó Sierra Leone, bọ̀ mí lọ́wọ́, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra búrẹ́dì." Orí òkun la wà o! Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tá a dé Ìkẹjà, wọ́n ti gbé e lọ kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Ìyàwó mi rèé, Kánò ni mo sọ fún un pé mò ń lọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó fẹ́ fọ yúnífọ́ọ̀mù, ó bá owó náà nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú mi.

"Dádì Tósìn, Kánò wo ni wọ́n ti ń ná eléyìí?"