Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí wákàtí tó yẹ kí n mú fún ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀

Àdùkẹ́ Àgbàdo: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ní kí n máa rí olùtọ́jú kan ní Yábàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ tó ń bá mi fínra láti ìgbà tí ìyá mi ti ṣaláìsí. Àgbàdo ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, agogo kan ọ̀sán àti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èwo ni mo lè máa bá lọ láìpa iṣẹ́ lára?

Ìyá Ìbejì: Kí Ọlọ́run tẹ́ màmá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú ìwé fún ìjókòó kan pẹ̀lú olùtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe ìṣirò. Ẹ kà á láti ìgbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ilé títí di ìgbà tí ẹ bá padà jókòó sídìí iṣẹ́: ọkọ̀ wíwọ̀, wíwá káàdì, títò níbi tí wọ́n ti ń sanwó, àti dídúró de ẹni tó ṣáájú yín tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán. Agogo kan ọ̀sán ló ń jẹ àkókò jù, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó rọrùn, nítorí pé gbogbo ìdádúró láti àárọ̀ á ti gbárajọ dè yín, ọjọ́ iṣẹ́ yín á sì là sí méjì. Ẹ mú ti àárọ̀.

Àkànní Agége: Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin Red Line tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò lọ́dún 2024. Ó ń gbéra láti Àgbàdo, ó ń gba Ìkẹjà kọjá, ó sì ń dúró ní Yábàá, láìsí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Àmọ́ kì í lọ léraléra bíi dánfó, nítorí náà ẹ mọ àkókò tó ń gbéra kí ẹ tó fún olùtọ́jú lésì.

Mọ́remí: Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni àkókò tó ń tẹ̀lé ìjókòó náà. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú kò lè bọ́ sínú ìpàdé ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan ìrọ̀lẹ́ ní tèmi, nítorí pé ilé ni mò ń lọ tààrà, bí ọ̀nà tilẹ̀ ń dí. Bí ẹ bá mú àárọ̀, ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún un, kí ẹ wá ibi kan jókòó sí, kí ẹ bomi bójú. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè máa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí fídíò lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ara yín dáadáa. Ìyẹn á gé ìrìn àjò kúrò, ṣùgbọ́n ó gba yàrá tí ẹ lè dá wà, nítorí pé nínú ilé tí gbogbo yàrá ti kọjú síra, ẹni tó mọ̀ pé ará ilé ń gbọ́ òun kò ní sọ ohun tó ń dùn ún gan-an.