Ìwé atọ́nà fún ibú ìlúwẹ̀ẹ́ lápá Ìjẹ̀ṣà: kí la lè gbà gbọ́ nínú rẹ̀?

Ọmọ_Ìlódè
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Àwa mẹ́fà la fẹ́ gbéra láti Ifẹ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá, ibú tó ṣeé lúwẹ̀ẹ́ la ń wá lápá Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe omi òtẹ́ẹ̀lì. Ìwé atọ́nà tó wà lọ́wọ́ wa ti gbó díẹ̀, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó kọ nọ́ńbà tí a lè tẹ̀ sínú fóònù, ó sọ iye kìlómítà láti oríta, ó tún ń sọ pé ibú kan wà "lápá òsì odò". Mẹ́rin nínú wa mọ odò wẹ̀, méjì kò mọ̀ ọ́n. Kí la lè gbà gbọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí sì ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò fúnra wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní.

Awọnlẹ̀_Àgbà
Àbúrò, kí ẹ tó ṣí ojú ewé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ṣí èyí tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí. Òkè àti àpáta kì í kúrò níbi tí wọ́n wà, nítorí náà ohun tí ìwé bá sọ nípa wọn, ẹ mú un. Ohun tó bá sọ nípa owó ìwọlé, afárá, ọ̀nà mọ́tò tàbí ìsọ̀ kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ bi àwọn ọlọ́kadà ní oríta kí ẹ tó gbára lé e.

Nọ́ńbà ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ìwé àtijọ́ sábà máa ń kọ ọ́ ní dìgíríì àti ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ ká fi Iléṣà ṣe àpẹẹrẹ: ó wà ní nǹkan bíi 7°37′ sí àríwá, 4°44′ sí ìlà oòrùn. Ẹni tó bá tẹ 7.37 àti 4.44 sínú fóònù kò ní rí Iléṣà o. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dìgíríì kan, nítorí náà ẹ ní láti pín ìṣẹ́jú náà sí ọ̀nà 60 kó tó bọ́ sí ẹ̀yìn àmì: 37 á di 0.617, 44 á di 0.733. 7.617 àti 4.733 ni Iléṣà. Àṣìṣe tó kọ́kọ́ yẹn á gbé yín kọjá Ifẹ̀ gan-an, sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ó sì lé ní 40 kìlómítà sí ibi tí ẹ ń wá. Bí ìṣẹ́jú àáyá bá wà níbẹ̀, ọ̀nà 3600 ni kí ẹ pín ìyẹn sí, kí ẹ wá ro ó mọ́ ọn.

Ẹ tún wo bí nọ́ńbà náà ti gùn tó. Ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ tó nǹkan bíi 1.85 kìlómítà. Nọ́ńbà tí kò bá ní ìṣẹ́jú àáyá nínú lè gbé yín dé abúlé, kò lè gbé yín dé etí omi. Láti abúlé, ẹnu la fi ń béèrè ọ̀nà.

Ti "òsì odò" yẹn: ẹ kọjú sí ibi tí omi ń ṣàn lọ, apá òsì yín ni òsì odò. Bí ẹ bá wá ń gòkè tọ odò lọ, ọwọ́ ọ̀tún yín ló máa bọ́ sí. Inú igbó tí kò sí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá ibú nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yìí.

Ó ku ti orúkọ. Ẹ má tẹ "Ẹ̀rìn" nìkan sínú fóònù. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wà nítòsí Ìlobùú, Ẹ̀rìn-Ilé wà ní Kwara, Ẹ̀rìn-Òkè àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló wà lápá ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni kí ẹ kọ, kó pé, kí ẹ sì ti gbé àwòrán-ilẹ̀ náà sínú fóònù láti Ifẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àárín òkè kì í ṣe ohun à-gbójú-lé.

Ọmọ_Ọwá
Awọnlẹ̀ ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ n sọ ti omi.

Omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni màá ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́, èrò sì máa ń wà níbẹ̀. Òpópó Iléṣà sí Àkúrẹ́ lẹ máa gbà kí ẹ tó yà. Ìpele méje ni omi náà ní. Èrò pọ̀ jù ní ìpele ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gòkè ni ọ̀nà ń le, tí òkúta ń yọ̀. Sàǹdáàlì tó ní okùn lẹ́yìn ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Ìparí oṣù kọkànlá tí ẹ mú yẹn dáa. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, omi kò sì tíì fà. Ìwé tó bá ní oṣù keje ló dáa jù fún ìlúwẹ̀ẹ́, ilẹ̀ tiwọn ló ń sọ. Oṣù keje lọ́dọ̀ tiwa, omi ń já bí ìjà ni. Bí ẹ bá sì fà á di oṣù kejì tàbí ìkẹta, ibú tí ìwé yà ní fọ́tò lè ti di ibi tí omi mu èèyàn dé kókósẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ tí ìwé kọ, ẹ má gbà á gbọ́ rárá. Ìkún omi ọdún kan ṣoṣo tó láti kó yanrìn dí ibú mítà 3, tàbí kó gbé ìtì igi wá sùn sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń bẹ́ sódò láìséwu tẹ́lẹ̀. Ẹ gé ọparun mítà 3, ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí i ní ìdajì mítà-ìdajì mítà, kí ẹ sì máa fi gún ìsàlẹ̀ omi bí ẹ ti ń wọlé. Ẹsẹ̀ la fi ń wọ ibú tí a kò mọ̀, a kì í forí bẹ́ sí i.

Fún ìyára omi, ẹ wọn mítà 10 lẹ́bàá odò, kí ẹnì kan ju ọsàn kan sómi lókè, kí ẹnì kejì máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Ọsàn dára ju ewé lọ nítorí pé èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ wà nínú omi, atẹ́gùn kì í gbé e kiri. Bí ó bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí omi náà kọjá orúnkún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí omi ti ń já tó ń hó funfun, ẹ jìnnà sí i. Afẹ́fẹ́ ló kún inú omi yẹn, kì í gbé ara ró bí omi lásán, èyí tó ń já láti òkè á sì tún máa tẹ èèyàn rì. Ibi tí ojú omi ti dúdú tó sì dákẹ́ ni ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Èyí tó tún ń pani: òjò lè máa rọ̀ lórí òkè lápá Ẹ̀fọ̀n kí oòrùn máa ràn lórí yín nísàlẹ̀. Bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá, tàbí tí ìró rẹ̀ bá yí padà, ẹ jáde kíákíá kí ẹ gun ibi gíga. Ẹ fi bàtà sílẹ̀. Kí ẹ tó tẹ́ ẹní gan-an, ẹ wo ara igi etí odò: ibi tí pàǹtí gbígbẹ há sí ni omi gùn dé kẹ́yìn. Òkè ibẹ̀ ni kí ẹrù yín wà.

Tàlábí_Ìmọ̀
Ó dáa. Ti àrùn ńkọ́? Èmi mọ̀ pé omi tó ń ṣàn kì í ní àrùn nínú, ẹ fọkàn balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìjọ́kà
Ọ̀gbẹ́ni Tàlábí, ẹ má bínú, kì í rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀sí ajá, èyí tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, inú ìgbín omi kéékèèké ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, èèyàn kò ní láti mu omi náà. Ìgbín yẹn fẹ́ràn omi tó rọra ń lọ, tí koríko wà létí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ omi tó ń já láti orí àpáta kò fi bẹ́ẹ̀ bá a lára mu, ṣùgbọ́n odò kan náà lè dákẹ́ níwájú, kó sì ní koríko. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ sọ adágún di ibi ìlúwẹ̀ẹ́, títí kan èyí tí wọ́n sé odò Ọpa sí nínú ọgbà Yunifásítì ní Ifẹ̀. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe.

Ọ̀sán gangan ni kòkòrò náà ń jáde jù, nítorí náà òwúrọ̀ sàn. Bí ara bá fu yín lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí ẹ bá lọ kí ó tó tó bẹ́ẹ̀, ó lè má tíì hàn. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, bí ara èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe é.

Ọmọ_Ìlódè
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ìwé náà tún dárúkọ odò kan lápá Ìtagúnmódì. Àti pé, báwo la ṣe máa ṣe ti àwọn méjì tí kò mọ odò wẹ̀?

Ọmọ_Ọwá
Ẹ yọ Ìtagúnmódì kúrò. Ilẹ̀ wúrà ni ibẹ̀, bíi Ìgún àti Ìpẹ̀rìndó. Odò tó bá pọ́n bí amọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìsí òjò, wọ́n ń fọ wúrà lókè rẹ̀ ni, mákúrì tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí nínú omi. Kòtò wúrà tí omi kún, tó dákẹ́ rọ́rọ́ bí ibú gidi, ló burú jù: etí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, ilẹ̀ etí náà rọ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ jáde. Ìwé tó ti gbó kò lè mọ̀ nípa kòtò tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Níbikíbi mìíràn tí kò sí ẹnu ibodè, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ibo ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, kí ẹ lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ odò náà, àti bóyá ẹja ibẹ̀ ṣeé fọwọ́ kàn. Ibú tó bá ní orúkọ òrìṣà lára, ó ní ìdí tí kò fi sẹ́ni tó ń wẹ̀ ńbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìjọ́kà
Ti àwọn méjì yẹn: ìbàdí ni kí omi wọn mọ, kí ẹnì kan tó mọ odò wẹ̀ sì dúró lápá ibi tí omi ń ṣàn lọ. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó ṣófo, kí ẹ dé ìdérí rẹ̀ pinpin, kí ẹ so okùn mítà 20 mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, bíi lítà kan, kí atẹ́gùn má baà gbé e nígbà tí ẹ bá jù ú. Ó ń gbé àgbàlagbà kan dúró dáadáa. Bí ẹnì kan bá ń rì, kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ jù sí i. Ẹ má bẹ́ tẹ̀lé e, yóò dì mọ́ yín ni.

Bí ẹ bá fà á jáde tí kò mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ pé ẹ fẹ́ lé omi jáde. Ohun tó wà nínú ikùn lè gba ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu nígbà márùn-ún, ẹ tẹ àárín àyà ní ìgbà 30, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ fẹ́ atẹ́gùn méjì, ẹ tún padà sí 30. Kí ẹnì kan ti máa pe 112. Bó bá tilẹ̀ jí tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà lọ́jọ́ náà, torí pé èémí rẹ̀ ṣì lè bàjẹ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.