Ẹsẹ̀ mi purọ́ fún mi: ìrírí wa láàrin ultramarathon kan àti èkejì

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn eré ni ẹsẹ̀ mi purọ́ fún mi, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ro tèmi, kí ẹ̀yin náà wá ro tiyín.

Ultramarathon ni à ń pe eré tó bá gùn ju marathon lọ. 100 kìlómítà ni mo sá lọ́jọ́ Sátidé náà, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí n tó sá a rárá ni mo ti forúkọ sílẹ̀ fún òmíràn, 80 kìlómítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàrin wọn. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ẹni tó bá ń sá irú eré yìí mọ̀ pé orí ẹni kì í pé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé. Gígùn-ún kò le, sísọ̀ ni wàhálà. Ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, rò pé eré ni mò ń ṣe; kíá, òun náà kẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, ó ń sọ̀ tẹ̀lé mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Èékánná ẹsẹ̀ méjì ti dúdú. Ẹsẹ̀ wú débi pé kò sí bàtà tó gbà á àfi sílípáàsì. Oorun ńkọ́? Ẹ ó rò pé ẹni tó sáré láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú á sùn bí òkú. Rárá o. Ẹsẹ̀ ń jó mi lábẹ́ aṣọ ìbora, àyà ń lù kì-kì-kì, gbogbo wákàtí ni mò ń dìde lọ tọ̀.

Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ni ìrora náà le jù. Lọ́jọ́rú, ó rọlẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ènìyàn gidi, mo tilẹ̀ fò àtẹ̀gùn méjì tó kẹ́yìn. Irọ́ tí ẹsẹ̀ pa fún mi nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wọ bàtà, mo sá kìlómítà 12. Ara mi fúyẹ́, àfi bí ìyẹ́. Mo ní, “Háà, èmi náà ti di akin.” Ọ̀sẹ̀ kejì, kìlómítà 85. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún gbé òkè kún un.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo dìde lórí ibùsùn, tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ òsì mi gan pa. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́, mò ń tiro. Tí mo bá ti jáde sá kìlómítà méjì, á gbóná, ìrora á sì lọ. Irọ́ kejì nìyẹn, òun ló sì burú jù, nítorí ó ń jẹ́ kí ènìyàn máa bá iṣẹ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí mo bá fi ìka méjì di iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ náà mú, ó ki ju ti ọ̀tún lọ. Mo ṣì lọ sá eré náà. Mo jáwọ́ ní kìlómítà 47, ọkọ̀ ló gbé mi padà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò fi sáré mọ́.

Ẹni tó tọ́jú mi ló là á yé mi. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹran itan ń nà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń di ara wa mú kí a má baà ṣubú. Kó máa nà kó tún máa fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó ń fà á ya wẹ́wẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀gùn fi ń ṣòro láti sọ̀ ju kí a gùn ún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹran itan, kì í pẹ́ tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Iṣan líle tó so ẹran mọ́ egungun kò ní ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀. Egungun pàápàá ń lọ́ra. Nítorí náà, ní ọjọ́ karùn-ún, ẹran ló ti dákẹ́. Àwọn yòókù ò tíì sọ̀rọ̀ rárá. Egbò adáàjiná ni mo gbé sáré.

Mo mọ ẹni tó tàn mí jẹ pẹ̀lú, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ní ọdún 2023, Courtney Dauwalter, eléré ọmọ Amẹ́ríkà, gba ipò kìíní láàrin obìnrin ní eré Western States ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹfà, ó tún gbà á ní Hardrock, níbẹ̀ náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wá parí rẹ̀ pẹ̀lú eré UTMB ní Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 160 kìlómítà, ìkẹta ju 170 lọ díẹ̀. Mo ní bí obìnrin yẹn bá lè ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ló dé tí èmi ò ní lè ṣe mẹ́fà? Bí ẹni tó ń wo ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ tó wá bẹ́ sódò.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Tèmi kì í ṣe ti ẹsẹ̀, ti inú ni. Obìnrin ni mí, eré 100 kìlómítà mi kejì nìyí, oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Orúnkún ń dùn mí láti kìlómítà 40, ni mo bá ń lo ibuprofen, oògùn ìrora. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lò ó lójú ọ̀nà. Mo parí eré, mo gba àmì ẹ̀yẹ, mo ya fọ́tò, inú mi dùn.

Ọjọ́ kejì, mo lọ tọ̀, ìtọ̀ náà dúdú bí tíì tí wọ́n gbàgbé ewé sínú rẹ̀. Mo rò pé omi ni mi ò mu tó. Mo mu omi títí, kò yí padà. Itan mi méjèèjì wú, wọ́n le bí igi. Ọkọ mi ló fi dandan gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ọlá rẹ̀ ni mo jẹ. Wọ́n ní ẹran ara tó fọ́ ti dà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dí kíndìnrín. Oògùn tí mo lò ti dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, ní àkókò tí kíndìnrín ń wá ìrànlọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa omi sí mi lára.

Eré mi tó kàn wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí i. Dókítà kò ní kí n má lọ, ó kàn ní mi ò gbọ́dọ̀ sáré rárá títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi padà sípò. Mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún lójú ìrora lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo ń dúró ni ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kí n tó dìde láàárọ̀, mo máa ń fi ìka sí ọrùn ọwọ́, mo ń ka iye ìgbà tí ọkàn mi lù ní ìṣẹ́jú kan. Tẹ́lẹ̀, 54 ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 66, 65, 67. Ọ̀sẹ̀ kejì, 61. Mi ò rí nǹkankan lára mi, mi ò ní ìrora, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ṣì ń lọ nínú ilé. Ọjọ́ kejìlélógún ni mo tún rí 54. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ti dára nígbà yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ogún ìṣẹ́jú.

Mo sá eré kejì náà ṣá. Mo fi ẹsẹ̀ rìn gbogbo òkè, mo pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí wákàtí méjì, mi ò fẹnu kan oògùn kankan. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo parí kì í ṣe fọ́tò. Mo lọ wo ìtọ̀ mi.

* * *

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti lé lọ́gọ́ta, ẹ jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eré méjì tó súnmọ́ra kì í ṣe tuntun. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀pọ̀ eléré ló ń sá Two Oceans ní Cape Town ní nǹkan bí àsìkò Àjíǹde, kìlómítà 56, tí wọ́n á sì tún sá Comrades lóṣù kẹfà, tó jẹ́ nǹkan bí 90 láàrin Durban àti Pietermaritzburg. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń wà láàrin wọn. Èmi náà ti ṣe méjèèjì pọ̀ lọ́dún márùn-ún.

Ọdún kìíní, mo fi gbogbo agbára mi sá Two Oceans. Mo fẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi mọ̀ pé mo tó ọkùnrin. Mo sì sá a dáadáa, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n Comrades ní òfin kan: wákàtí 12. Bí ó bá ti pé, ọ̀gá kan á kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń bọ̀, á yin ìbọn, ó parí nìyẹn. Ọdún yẹn, ọ̀nà sísọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n gbà, láti Pietermaritzburg wá sí Durban. Itan mi kò tíì gbàgbé Two Oceans. Láti àárín ọ̀nà ni itan náà ti kọ̀ fún mi pátápátá, mo ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Mo gbọ́ ìbọn náà. Mo ń wo ìlà ìparí lọ́ọ̀ọ́kán, ó kù díẹ̀ ju 300 mítà lọ.

Láti ọdún kejì, mo yí i padà. Two Oceans di eré ìgbáradì lásán. Mò ń bá àwọn ènìyàn tàkúrọ̀sọ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì, ìrìn àti kẹ̀kẹ́ nìkan, tí ara bá kọ kẹ̀kẹ́, mo sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ gidi wà. Àwọn tó kù, mò ń dín in kù ni. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé, “Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ti kó jọ fún oṣù mẹ́fà kì í jò dànù láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fi sinmi. Eré àkọ́kọ́ gan-an ti kọ́ ẹsẹ̀: itan tí òkè ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó sì san dáadáa, kì í fọ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tó sì san dáadáa, mo tún un sọ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Mo fẹ́ sọ ohun kan tí kò sẹ́ni tó fẹnu bà. Òfo ni.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn 160 kìlómítà mi àkọ́kọ́, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọ̀fọ̀ kan bò mí, mi ò mọ ẹni tó kú. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ nítorí ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn ti dé, ó ti kọjá, aago mẹ́rin ṣì ń jí mi, kò sì sí ibi tí mò ń lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó kàn. Mo fi eré pa ìbànújẹ́, bí ẹni tó fi ọtí pa á. Mo sá èkejì náà, òtútù àti ikọ́ sì gbé mi dè fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, òfo náà sì tún wà níbẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Nísinsìnyí, mo ní òfin kan fún ara mi: mi ò ní forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun kí ọjọ́ 14 tó pé. Ìyàwó mi ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà káàdì mi, èmi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

* * *

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àbúrò, mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láti ìjẹta. Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ nípa òfo, ọ̀rọ̀ yín pa mí lẹ́nu mọ́.

Ibi tí mo wà rèé. Mo sá 80 kìlómítà mìíràn ní ọjọ́ 19 sẹ́yìn, èyí tó kàn wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí òní. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sùn, mo rìn, mo jẹun. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ odò lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ Ajé, mò ń sá ìṣẹ́jú márùn-ún, mò ń rìn ìṣẹ́jú kan, títí ogójì ìṣẹ́jú fi pé. Lójoojúmọ́, mo máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan ní etí àtẹ̀gùn, mo gbé gìgísẹ̀ sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dùn-ún ṣe rárá. Láàárọ̀ yìí, ìṣísẹ̀ mélòó ni mo tiro? Méjì. Tó bá di márùn-ún lọ́la, mi ò ní jáde.

Ọmọ mi bi mí lánàá pé ìgbà wo la tún máa fi ẹ̀yìn sọ àtẹ̀gùn. Mo ní kó ṣe sùúrù, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.