Omi tí à ń yẹ̀ wò, ìgò tí a fi gbà á, àti ẹni tó ń mu ún

Ẹni tó ń gba omi fún àyẹ̀wò:

Kí ẹ tó bá èsì jà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe gba omi náà. Bó bá jẹ́ òjé là ń wá nínú omi ẹ̀rọ, òwúrọ̀ kùtù là ń gbà á, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí omi ti sùn nínú páìpù fún wákàtí 6 ó kéré tán. Lítà 1 àkọ́kọ́ gan-an la fẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣàn dànù díẹ̀ ti da òjé tó fẹ́ wá nù. Èsì rẹ̀ á mọ́ lóló, àwọn ará ilé á sì máa mu òjé wọn lọ. Ẹ má yọ asẹ́ kékeré ẹnu ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rún òjé máa ń há sí.

Ìgò òjé, ásíìdì nitric là ń fi sí i títí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó) á fi wá sísàlẹ̀ 2, kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ìgò tí a ó fi wá kòkòrò àrùn kò gbọdọ̀ rí ásíìdì rárá. Èyí tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, tí sodium thiosulfate díẹ̀ (èròjà tó ń pa agbára chlorine) wà nínú rẹ̀, la nílò. Láìsí ìyẹn, chlorine inú omi á máa pa kòkòrò lọ nínú ìgò títí a ó fi dé láàbù. Inú yìnyín ni ká gbé e sí, kó sì dé láàbù kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ mú ìgò omi mímọ́ kan dání, kí ẹ ṣí i níbẹ̀, kí ẹ sì dé e padà. Bí òjé bá jáde nínú èyí, a jẹ́ pé ọwọ́ wa tàbí ìgò wa ló ti wá.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi méjì kún un. “A kò rí i” kì í ṣe “kò sí”. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún òjé jẹ́ máíkírógíráàmù 10 nínú lítà omi kan. Bí ẹ̀rọ láàbù kò bá lè rí ohun tó kéré sí 20, “a kò rí i” tó kọ síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ béèrè ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ kí ẹ tó sanwó.

Èkejì ni nitrate, èròjà tó ń wọ omi látinú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́. Mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ni ìlànà rẹ̀ bí a bá ka nitrate lódindi, ṣùgbọ́n 11 ni bí a bá ka nitrogen inú rẹ̀ nìkan. Èsì tó ní 14 á dà bí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 50. Bó bá jẹ́ nitrogen ni wọ́n kà, 62 ni lódindi, ó sì ti kọjá ààlà. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún ló wà nínú ewu jù, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́.

Ẹni tó ń ṣírò ewu:

Ẹ jẹ́ ká mú fluoride, èròjà tó ń wọ omi kànga látinú àpáta. Omi kànga kan ní mílígíráàmù 3 nínú lítà kan, 1.5 ni ìlànà. Ọmọ tó wọn kílò 15, tó ń mu lítà 1 lójúmọ́, ń gba mílígíráàmù 0.2 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àgbà oníkílò 60 tó ń mu lítà 2 ń gba 0.1. Ìwọ̀n tí EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, kà sí aláìléwu jẹ́ 0.06. Tí a bá fi 0.06 yìí pín ohun tí wọ́n ń gbà, ọmọ náà wà ní 3.3, àgbà ní 1.7. Ẹni tó bá da gbogbo ilé pọ̀ tó fi àárín ṣe ìṣirò ti sọ ọmọ náà nù.

Àmọ́ 3.3 kò túmọ̀ sí pé ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá máa ṣàìsàn o! Ó kàn sọ bí a ṣe jìnnà tó kọjá ààlà ni. Ọ̀pọ̀ ààlà májèlé ni wọ́n ti fi 10 pín nítorí pé ara ẹranko ni wọ́n ti dán an wò, tí wọ́n tún fi 10 mìíràn pín nítorí àwọn tí ara wọn kò le. Ti fluoride kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ara eyín àwọn ọmọdé gan-an ni wọ́n ti mú un, wọn kò sì fi nǹkan kan pín in. Eyín tó ní àbàwọ́n ló ń ṣọ́. Kí fluoride tó fa àìsàn eegun, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀:

Ibi tí iṣẹ́ yín ti ń bàjẹ́ rèé: “Ẹ máa se omi yín.” Sísè ń pa kòkòrò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí lítà 4 omi oní-fluoride 3 bá hó títí ó fi ku lítà 3, ó ti di 4. Omi ló ń bá ooru lọ, fluoride kì í lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nitrate.

Ní Bangladesh, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ẹnu kànga: pupa bí arsenic, májèlé kan tó ń wá látinú ilẹ̀, bá ju máíkírógíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, àwọ̀ ewé bí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè kà á. Kí ẹ tó kun pupa, ẹ yẹ omi tí wọ́n máa sá lọ bá wò, torí ìgbẹ́ gbuuru látinú omi ẹ̀gbin lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí arsenic ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkìlọ̀ tó dáa á sọ pé: kànga yìí, ẹ má mu ún, ẹ má fi dáná, ẹ lè fi fọ aṣọ, a ó sì tún un yẹ̀ wò ní oṣù báyìí.